Ká Tó Lè Gbóhùn Ọmọ

"Ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ" ni àdúrà wa fún aboyún. Ohùn kejì yẹn là ń sọ lónìí, àti iṣẹ́ abẹ tó lè gbà á là. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó ọpọlọ ọmọ lásìkò ìrọbí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Ọmọ lè wá sáyé láìké. Bó bá sì yè é, ó lè pé oṣù mẹ́jọ kí ọrùn rẹ̀ má tíì le, kí gìrì máa gbé e, kí ará ilé sì máa wádìí ẹni tó ń ṣe é.

Ẹni tó bá ti jókòó rí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìrọbí ti rí ọkọ tó di fọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ mọ́wọ́, tó ń pe wòlíì. Ìyá rẹ̀ ní wọn kì í fi abẹ bímọ nílé àwọn. Nínú lọ́hùn-ún, ọkàn ọmọ tó yẹ kó máa lù ní 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan ti já sí 90. Ìrora rọlẹ̀, ìlù ọkàn ọmọ kò padà gòkè. Bàbá ọmọ ni wọ́n ṣì ń dúró dè kó fọwọ́ síwèé.

Àwọn ará ilé á ní bí obìnrin Hébérù, tó ń bí kí agbẹ̀bí tó dé, ni yóò ṣe bí. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí kìíní wò: àwọn agbẹ̀bí ló fi ọ̀rọ̀ yẹn dá Fáráò lóhùn kí wọ́n lè dá ẹ̀mí àwọn ọmọkùnrin sí. Àwa wá ń fi í dá abẹ tó lè gba ọmọ là dúró.

Tiwa ni pé obìnrin tó ń rọbí, tó ti dàgbà, tí ojú rẹ̀ sì dá, òun ni kó fọwọ́ síwèé náà. Bó bá tẹ̀ka, ó ti tó. Kì í ṣe gbogbo ìrọbí tó pẹ́ ló kan abẹ o. Bí orí ọmọ bá ti sọ̀kalẹ̀ dáadáa, dókítà lè fi ife afàmọ́ra fà á jáde. Abẹ ń dá ọgbẹ́ sílé ọmọ, a sì mọ̀ pé àwọn kan ń sáré gbé e nítorí owó. Ṣùgbọ́n ìwádìí ìlera ìjọba lọ́dún 2018 fi hàn pé kò pé 3 nínú 100 ìbímọ ní Nàìjíríà tó jẹ́ ti abẹ. Àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1985 ní kó má ju 10 sí 15 nínú 100 lọ; nígbà ìwádìí yẹn, àwa ò tíì dé ìdajì 10.

Ó wá ku owó. Abala 20 nínú Òfin Ìlera ti 2014 ní kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló so mọ́ ọn. Ní oṣù kọkànlá 2024, ìjọba àpapọ̀ tún kéde abẹ ọ̀fẹ́ fún aboyún tí kò ní. Síbẹ̀, "ẹ lọ san dìpọ́síìtì ná" ni wọ́n ṣì ń wí lóru. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kọ òfin náà gàdàgbà lédè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé akáṣíà. Kí àwọn nọ́ọ̀sì sì ti bá aboyún àti ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ abẹ láti oṣù keje, nígbà tí wọ́n ṣì lè gbọ́ ara wọn yé.