Wáyà USB kan kò tó

Ẹ̀yin olórin Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ tó ń lọ kiri pé ẹni tó bá ti ra kíbọ́ọ̀dù workstation (èyí tó lè tọ́jú orin sínú ara rẹ̀) ò nílò rikọ́dà mọ́, pé wáyà USB kan ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀, owó ńlá ló sì wà ńbẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, MIDI nìkan ni USB ń gbé. MIDI kì í ṣe ohùn. Àṣẹ ni: èyí tí ẹ tẹ̀, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, ìgbà tí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń fi dùrù mìíràn kọ orin yín, tàbí kó dákẹ́ rọ́rọ́. Sequencer, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú orin inú workstation náà, àṣẹ yìí ló sábà ń tọ́jú. Kò lè gba ohùn ìlù gángan tàbí ti akọrin. Àwọn workstation tó ń gba ohùn wà, bíi Korg Kronos. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ìwé rẹ̀ bóyá "USB audio" wà níbẹ̀, ìyẹn pé USB rẹ̀ ń gbé ohùn.

Tí kò bá sí, ẹ fi wáyà méjì so ihò L àti R (òsì àti ọ̀tún) tí ohùn ń gbà jáde lára kíbọ́ọ̀dù mọ́ ihò "line" rikọ́dà. Tí ẹ bá fi wáyà náà sí ihò máìkì, ohùn á máa fọ́. Ẹ pa 48V, iná tí rikọ́dà ń fún máìkì. Níbi tí orin bá ti pariwo jù, kó má kọjá -12 dB (ìwọ̀n agbára ohùn) lójú rikọ́dà. Ohùn tó bá ti gbá 0 ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé Save: bí iná bá lọ lójijì, orin inú ọ̀pọ̀ workstation á pòórá.