Ẹ Ní Kí N Fi Ìwé Jẹ́rìí Pé Mi Ò Lówó

Ta ló sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì ìrànwọ́ ìjọba pé ẹni tí kò lówó ló ní àsìkò jù? Fọ́ọ̀mù wọn ò lópin. Wọ́n béèrè orúkọ mi lójú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n tún béèrè rẹ̀ lójú ìwé kẹta, àfi bíi pé mo lè ti pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ìwé owó oṣù wá. Owó oṣù wo? Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín!

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wá ń bí mi nínú jù. Èèyàn á kọ gbogbo rẹ̀ tán, á tẹ bọ́tìnì tó gbẹ̀yìn, wọ́n á ní àsìkò ti tán, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. (Orúkọ yẹn náà ni o.) Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, orin ni wọ́n á máa kọ sí yín létí títí ìpè á fi já. Bí lẹ́tà bá sì dé, á ní ìwé kan ṣì kù, kò ní sọ èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣèèṣì san owó tó lé fún èèyàn, kíá ni wọ́n á ti wá gbà á padà. Kọ̀ǹpútà wọn kì í kọṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.