Ebi kọ́ ni oògùn rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ẹni tí àìsàn OCD (àìsàn ọpọlọ tí èrò kan kì í fi ènìyàn sílẹ̀, tó sì ń mú un ṣe ohun kan náà léraléra) ń dà láàmú, tó ń fọ ṣíbí léraléra tí kò sì lè jẹun, ṣakọ ló ń ṣe: “Ẹ febi pa á, á jẹun.” Irọ́ ni. Ẹ̀rù ìdọ̀tí tàbí májèlé lè máa bà á. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀, ebi á sì máa pa á.

Ebi gan-an lè dá kún un. Ní Minnesota, Amẹ́ríkà, ní 1945, àwọn olùṣèwádìí dín oúnjẹ ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn kù fún bí oṣù mẹ́fà. Ara gbogbo wọn le tẹ́lẹ̀ o! Oúnjẹ gba ọkàn wọn kan: àwọn kan ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń lá àwo, àwọn míì ń kó ìwé oúnjẹ sísè jọ.

Ẹ mú un lọ bá dókítà ọpọlọ. Ìtọ́jú wà tó ń kọ́ ènìyàn láti fojú ko ẹ̀rù náà díẹ̀díẹ̀, láì tún ṣíbí fọ̀.