Ẹ béèrè àárẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Tẹ́ni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ bá dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, á wo bára ẹ̀ ṣe gbóná tó, á ní kó gorí ìwọ̀n, á kọ gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àárẹ̀ tó ń da aláìsàn yẹn láàmú jù, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kì í ti í wọ̀n ọ́n. Dókítà á béèrè pé báwo lara, aláìsàn á ní ara ń yá, ó parí. Ohun táwa ń sọ ni pé kí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ máa wọn àárẹ̀ àtàwọn ìnira tó kù ní gbogbo ìgbà táláìsàn bá wá, bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá gẹ́lẹ́.

Ẹ má fi àárẹ̀ yìí wé tẹni tó ṣiṣẹ́ àṣekára o. Ìyẹn, téèyàn bá sùn á lọ. Ti jẹjẹrẹ ò gbọ́ ti oorun. Èèyàn á sùn mọ́jú, á jí, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, á wá máa wo ìkejì nílẹ̀ pé ibo lòun ti fẹ́ rágbára tóun máa fi bẹ̀rẹ̀ mú u, àwọn ará ilé ń pè é látìta pé mọ́tò ti ń dúró, ojú sì ń tì í láti sọ pé bàtà lòun ò lè wọ̀. Òun náà ló máa dé iwájú dókítà tó máa ní ara ń yá. Kò gbèrò àtiparọ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé táwọn bá ń ráhùn wọ́n á dín oògùn àwọn kù, àwọn míì gbà pé bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà gan-an, "ó rẹ̀ mí", tún kéré fún nǹkan tó ń ṣe wọ́n, torí gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ lálaalẹ́.

Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1991 làwọn dókítà kan ní Edmonton, ní Kánádà, gbé fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní ESAS jáde. Aláìsàn á fún ìrora, àárẹ̀, èébì tó ń gbé e, ìrẹ̀wẹ̀sì, àìlèjẹun, èémí tí ò já gaara àtàwọn míì ní nọ́mbà láti 0 dé 10, 0 ni pé kò sí rárá, 10 ni pé kò lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ò mọ̀wé kà, kí nọ́ọ̀sì fẹnu bi í. Tí àárẹ̀ bá ti tó 4, ó yẹ kí dókítà wádìí ẹ̀: ṣé ẹ̀jẹ̀ ló kù lára ni, ṣé ìrora ni ò jẹ́ kó sùn, ṣé oògùn kan ni, àbí ọkàn ló ń dààmú? Púpọ̀ nínú ẹ̀ ló nítọ̀ọ́jú. Kódà kéèyàn máa rìn díẹ̀díẹ̀ bágbára bá ṣe mọ máa ń dín àárẹ̀ náà kù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ rò pé ìsinmi nìkan ló kù.

Wọ́n á ní àyè ò sí, àwọn aláìsàn ti pọ̀ jù. A gbọ́. Àmọ́ ẹ wo ìwádìí tí Ethan Basch, dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní New York, tí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2017. Aláìsàn 766 tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn kálẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà ròyìn ìnira 12, tó bá burú sí i ìsọfúnni á lọ bá nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Tá a bá wo àárín gbùngbùn iye oṣù tí wọ́n lò láyé lẹ́yìn tí wọ́n wọnú ìwádìí náà, tàwọn yẹn jẹ́ 31.2, tàwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ jẹ́ 26. Oṣù márùn-ún lé, láìfi oògùn tuntun kankan kún un!

Ohun tá ò fẹ́ ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n á kọ tán tí wọ́n á tì bọ dúrọ́ọ̀. Tí àárẹ̀ ẹnì kan bá kúrò ní 3 tó di 7 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó yẹ kẹ́nì kan ti rí i nílé ìwòsàn, kí fóònù aláìsàn yẹn sì dún kó tó dọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá.