Ilẹ̀kùn nìkan la rí gbé

Ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì Kiruna ní Sweden yìí wọ̀ mí lára gan-an. Ilé onípákó tí wọ́n parí lọ́dún 1912, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 672! Torí pé ìwakùsà irin ń jẹ ilẹ̀ abẹ́ ìlú lọ, wọ́n gbé odindi ilé lé ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n sì rọra wà á ní kìlómítà 5 fún ọjọ́ méjì, lóṣù kẹjọ ọdún 2025.

Nílẹ̀ Iléṣà níbí, nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ títì àdúgbò wa, ọ̀dà pupa la bá lára ògiri ilé bàbá bàbá mi. Ilé amọ̀ ni, mo mọ̀ pé kò ṣeé gbé. Ilẹ̀kùn ìrókò nìkan la rí yọ. Ibi tí gbogbo wa ti máa ń fọwọ́ tì í ti dán bí awo. Ṣùgbọ́n inú yàrá ọwọ́ òsì ni wọ́n sin bàbá sí. Báwo ni ká ti ṣe ìyẹn? Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ títì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ máa pe mọ̀lẹ́bí jókòó kí katakata tó dé.