"Ẹ kó gbogbo àwọn ọmọ tó ń dúró ní jọ́ńkìṣọ̀n": irọ́ tó ń dùn mọ́ wa nínú

Àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mi ò tíì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tí fóònù mi ti ń dún kíríkírí. Gúrúùpù WhatsApp àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ni. Wọ́n tún ti gbé jẹ́n lọ o, ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín oṣù kan, ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà kan tó ń dá gbé ni wọ́n ti gbé e. Inú ń bí gbogbo èèyàn, inú ń bí èmi náà. Bàbá alága wa wá fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, ohun tí wọ́n sì sọ nínú ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: àwọn ọmọ tó máa ń dúró ní jọ́ńkìṣọ̀n lálẹ́ yẹn náà ni, ká dá ẹgbẹ̀rún méjì méjì náírà, ká fi ra epo sínú ọkọ̀ àwọn agbófinró, kí wọ́n wá kó gbogbo wọn, àdúgbò á dákẹ́. Kíá, àwọn èèyàn ti ń tẹ "àmín". Àmín o, bíi pé àdúrà ni.

Mi ò bá Bàbá jà, àgbà ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn àdúgbò yìí jù mí lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, irọ́ ni. Kì í sì í ṣe àdúgbò wa nìkan ló wà, láti Ọ̀bá-Ilé títí dé ẹ̀yìn FUTA, ibi téèyàn bá dé nínú Àkúrẹ́ yìí tí wọ́n bá ti jalè, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ nìyẹn, kí wọ́n kó wọn, kí wọ́n kó wọn.

Ẹ jẹ́ n rán yín létí pé wọ́n ti kó wọn rí. Èṣí ni. Ọkọ̀ kan wá lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò ní dárúkọ iṣẹ́ àwọn tó wà nínú ẹ̀, wọ́n kó ọmọ mẹ́rìnlá. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ṣẹ́ bábà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gẹrun fún mi. Iná ò sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ẹ̀ ní kó lọ ṣájì kílípà níbi tí wọ́n ti tan jẹ́n, ó ń bọ̀, kílípà méjì wà nínú náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kí ló wà níbẹ̀, ó ní kílípà ni sà, wọ́n ní ilé ta ló ti jí i. Bó ṣe wọkọ̀ nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà ẹ̀ kan já sílẹ̀ síbi gọ́tà, ilẹ̀ mọ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Òru mẹ́rin lọmọ náà sùn sí àtìmọ́lé. Mo tẹ̀lé ìyá ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni bélì, abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni ìyá ti jókòó ka owó, owó tó fẹ́ fi ra ọjà ni.

Nígbà tọ́mọ náà délé, mo bi í pé báwo ni. Ohun tó sọ fún mi ni pé: "Bùọ̀dá, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó gba nọ́ńbà mi. Ó ní iṣẹ́ bábà ò lè mówó wá, pé tí n bá ti jáde kí n pe òun."

Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Àwa la dá owó epo ọkọ̀ tó gbé e lọ bá ẹni yẹn.

Ṣé olè wá dáwọ́ dúró? Bẹ́ẹ̀ni, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹwàá wọ́n já àgádágodo ilé kan, wọ́n kó bátìrì ínfátà mẹ́rin, àwọn ọmọ méjì nínú mẹ́rìnlá ò tíì kúrò ní àtìmọ́lé nígbà yẹn o, ẹ wá sọ fún mi bóyá wọ́n fò jáde ni.

Ẹni tó mọ̀ nǹkankan wà o. Ìyá alákàrà tó máa ń dáná ní jọ́ńkìṣọ̀n yẹn títí di aago mẹ́wàá. Mo lọ ra àkàrà lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn tí wọ́n gbé bátìrì, a ń sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n kàn sọ ọ́ láìwo ojú mi, wọ́n ń yí àkàrà nínú epo: "Ọmọ mi, Màrúwá kan máa ń wá dúró níbẹ̀ yẹn, á pa iná, kì í gbérò. Kì í ṣe ọmọ ibí." Mo ní "Màámi, ẹ ò ṣe sọ fún wọn?" Wọ́n ní ta lòun fẹ́ sọ fún, ṣé àwọn tó kó ọmọ tó ń bá òun pọnmi lọ ni?

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọmọ tó ń dúró ní jọ́ńkìṣọ̀n yẹn àti ìyá alákàrà, àwọn ni ojú àdúgbò lálẹ́. Nígbà tí àwa ti ti géètì tí a ń wo tẹlifíṣọ̀n, àwọn ló ń rí ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Ìgbà tẹ́ ẹ kó wọn, ojú yẹn fọ́, ẹnu yẹn sì di. Ọlọ́pàá tó dáa jù lọ láyé, tí kò bá sẹ́ni tó máa bá a sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ fi mú olè, ṣé àlá ló fẹ́ lá ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní òfin ò fẹ́ kéèyàn máa rìn lóru, òfin wo nìyẹn? Ẹ̀sùn "wandering" tí wọ́n máa ń kà síni lẹ́sẹ̀ láyé àtijọ́, ìjọba ológun fúnra ẹ̀ ló fòpin sí i ní 1989, ìjọba Babangida o, kì í ṣe àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́. Ìwé òfin 1999 náà, ẹsẹ 35, sọ pé tí kọ́ọ̀tì bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé e débẹ̀. Àkúrẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ rèé, kọ́ọ̀tì wo ló jìnnà? Òru mẹ́rin lọmọ yẹn sùn.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní "ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá mọ́ kí ló ń bà á lẹ́rù". Ẹ rántí November 2023 tí EFCC wọ ibi táwọn ọmọ OAU ń gbé n'Ífẹ̀ lóru, wọ́n kó ọmọ bíi 70. Ariwo pọ̀ débi pé ọ̀gá wọn kéde pé kò sí pé wọ́n ń lọ kó èèyàn lóru mọ́. June 2024, àwọn náà ló wọ ilé fàájì kan ní Àkúrẹ́ wa níbí, èèyàn tó lé ní 100 ni wọ́n kó. Ọmọ yàhúù lè wà nínú wọn o, mi ò ṣe alágbàwí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó kàn lọ ṣe bọ́ọ̀dé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ńkọ́?

Ní New York tí wọ́n ti ń ka irú ẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọlọ́pàá á dá èèyàn dúró láàárín títì, wọ́n á tú u lápò, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti Latino ló ń fara gbá a jù. Ìgbà 685,724 ni wọ́n ṣe é ní 2011 nìkan, nínú mẹ́wàá tí wọ́n dá dúró bíi mẹ́sàn-án ni wọn ò rí ẹ̀sùn kà sí lọ́rùn. Adájọ́ kan sọ ní 2013 pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ta ko òfin, ó wálẹ̀ dé bíi 22,500 ní 2015. Àwọn kan ti ń pariwo pé ìlú máa dàrú. Èèyàn 515 ni wọ́n pa níbẹ̀ ní 2011, ní 2017 ó di 292. Mi ò sọ pé bí wọn ò ṣe tú àpò mọ́ ló dín in kù, mò ń sọ pé ìlú ò dàrú.

Boston tún wá dùn mọ́ mi jù. Ìbọn ń pa àwọn ọmọ wọn ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n wá jókòó ti àwọn tó mọ títì, wọ́n ń ka àwọn gáǹgì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé nǹkan bí ọmọ 1,300 ni gbogbo wọn, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ ìlú yẹn, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ni ìpànìyàn tó tó ìdá 60 nínú 100 ti ń wá láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ní 1996 wọ́n pe àwọn yẹn fúnra wọn sípàdé, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, pásítọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ní a mọ̀ yín, ẹ gbé ìbọn sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kó bọ́ síbí, gáǹgì tó bá tún pààyàn gbogbo yín lọ́rọ̀ kàn. Ikú àwọn ọ̀dọ́ wálẹ̀ ju ìdajì lọ.

Ẹgbẹ́ òkùnkùn wà n'Ákùúrẹ́, wọ́n wà ní ìlú Oǹdó náà, wọ́n ń para wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ń tan ara ẹ̀. Àmọ́ àwọn yẹn kì í dúró de ọkọ̀ yín ní jọ́ńkìṣọ̀n. Wọ́n á ti gbọ́ kẹ́ ẹ tó dé. Bábà tó ń ti ìdí kílípà bọ̀ ni ò gbọ́.

Ẹnì kan nínú gúrúùpù ní tó bá jẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn ni á dáa, torí òògùn wọn. Òògùn kọ́ jàre. January 2020 tí wọ́n dá a sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tí Akérédolú, gómìnà wa nígbà yẹn, sì fọwọ́ sí òfin tiwa lọ́dún náà, ohun tí wọ́n wí ni pé ọmọ ìbílẹ̀ mọ igbó, ó mọ ọ̀nà, ó mọ èdè, ó mọ ọmọ ta ni. Tí àwọn náà bá wá ń kó gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí, kí la wá fi ọmọ ìbílẹ̀ ṣe?

Mo tẹ èyí tó kúrú nínú gbogbo ìwọ̀nyí sí gúrúùpù. Mo ní owó tá a bá dá ká fi ra gílóòbù sólà méjì sí ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà yẹn, kí èmi àti Bàbá alága sì jọ lọ jókòó ti ìyá alákàrà lálẹ́ ọjọ́ kan, ká kan gbọ́ ohun tí wọ́n rí, láìmú ìwé lọ́wọ́. Ẹnì kan fi ẹ̀rín dáhùn. Bàbá ní àwọn ti rí i.

Nírọ̀lẹ́ wọ́n gbé lísìtì owó epo síta. Èmi ni nọ́ńbà 17, "kò tíì san".