Ọmọdé Kò Moògùn, Ó Ń Pè É Lẹ́fọ̀ọ́

"Báwa náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹnu ọ̀gá wẹ́dà kan ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 14, fi ń bá a di irin mú nídìí iná láìsí awò lójú. Ewé ni ọmọdé rí, kò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ta ni kó wá là á yé e, bí kì í bá ṣe ẹni tó ń pè ní ọ̀gá?

Iná wẹ́dà kì í dunni lójú ẹsẹ̀. Ọmọ á wò ó títí, nítorí ó ń tàn yanranyanran. Ó dòru kí ojú tó wú, kó máa ta á bí ẹni pé iyanrìn wọ̀ ọ́. Lóru ọjọ́ náà, ìyá ọmọ yìí ń kanlẹ̀kùn kiri, ó ń wá abiyamọ tí yóò fún òun lómi ọmú láti kán sí i. Ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá tún ránṣẹ́ pè é.

Wẹ́dà nìkan kọ́. Nídìí ẹ̀rọ ìlọta, bẹ́líìtì ń yí, wọn ò fi nǹkan kan bò ó, ìró ọmọbìnrin ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì á ní kí ọmọ ra wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, láìfi ìtì igi kankan tì í. Ọmọ náà kò ní kọ̀. Bó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ìfọ́tí ló máa gbà, nítorí náà ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, kò sì gbà kó ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi. Ta ló ń kà á?

Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Ọ̀gá, ọmọ tiyín ńkọ́? Ṣé ẹ ó jẹ́ kó wojú iná yẹn? Ẹ bo bẹ́líìtì. Ẹ dúró ti ọmọ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, kó má jẹ̀gbá. Bẹ́ ẹ ò bá lówó awò, ẹ má gba ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ ń tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Iye ọdún wà níbẹ̀, ọtí fúrídọ̀mù wà níbẹ̀. Awò, ìbọ̀wọ́ àti owó ìtọ́jú bí ọmọ bá fara pa, kò sí níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ wọ́n sí i, kẹ́ ẹ tó fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́.